Ẹ Jẹ́ Kí Gìtá Gbó Lọ́wọ́ Yín

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún ló ń sọ aṣọ di àkísà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní àti ní gbogbo ìletò tó wà láàrin wọn ni mo ní lọ́kàn tí mo fi fi òwe yìí ṣíde. Àìsàn kan ń ṣe àwa olórin, ojú àti àpò ló sì ń bá jà. Ẹni tó ra gìtá lọ́dún tó kọjá tún ti ń wá òmíràn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kan ń ṣírò iye tí èkejì yóò jẹ́. Àwọn pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kún abẹ́ ibùsùn, orin mẹ́ta péré sì ni ọwọ́ mọ̀ ní àmọ̀dájú.

Àgbà olórin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Willie Nelson. Lọ́dún 1969, nígbà tí gìtá tó ń lò tẹ́lẹ̀ bàjẹ́, ó ra gìtá Martin kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní N-20, ó sì sọ ọ́ ní Trigger. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ kì í ní ike tó ń gba ojú igi lọ́wọ́ èékánná, nítorí náà ọwọ́ baba yìí jẹ igi náà díẹ̀díẹ̀ títí ihò kejì fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n dá mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí lówó tó lè fi ra gìtá tuntun lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Trigger yìí náà ló ṣì ń gbé lọ sójú agbo lẹ́yìn ohun tó lé ní 50 ọdún.

Kò sì yẹ kí a rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí a tó rí àwòkọ́ṣe, nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni Olóyè Orlando Owoh. Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà ni orúkọ wọn gan-an. Òṣogbo ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1932, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni baba wọn ti wá, Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá wọn ti wá, a jẹ́ pé ọmọ agbègbè wa ni wọ́n tọwọ́ baba tọwọ́ ìyá. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe kí ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá tó gbà wọ́n lọ́dún 1958 láti máa lùlù, kí wọ́n sì máa kọrin. Lọ́dún 1960 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Omimah tiwọn sílẹ̀. Young Kenneries tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni African Kenneries. Wọ́n lò ju 40 ọdún lọ nídìí iṣẹ́ náà, àwo orin wọn lé ní 40, kí ọlọ́jọ́ tó dé lọ́dún 2008.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí ni pé lójú Orlando Owoh ni jùjú di ńlá, lójú wọn náà ni fújì gba òde. Etí àwọn èèyàn ń yí, owó sì ń tẹ̀ lé etí. Ibi tí ẹlòmíràn ìbá ti sáré lọ kó irin iṣẹ́ tuntun jọ kí ó lè jọ àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn dúró ti hàíláìfù wọn. Ohùn wọn tó ha, gìtá tó ń bá ohùn náà sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń takùrọ̀sọ, ìlù tí kò kánjú: ẹni tó bá mọ orin wọn ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Ta ló lè lọ sí ilé ìtajà lọ béèrè irú ìdánimọ̀ bẹ́ẹ̀?

Àgbà tí Orlando Owoh kọ́ gìtá lọ́dọ̀ rẹ̀ tún fi nǹkan kan hàn wá. Fatai Rolling Dollar ni. Wọ́n bí baba yìí lọ́dún 1927, orúkọ wọn ròkè gan-an, lẹ́yìn náà ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwo orin ìpadàbọ̀ wọn jáde lọ́dún 2004, wọ́n ti lé ní 75 ọdún. Àwọn ìka tó ti mọ̀nà láti ayé agídìgbo ni wọ́n gbé wọ inú ilé ìgborinsílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbajúmọ̀ sì dìde jó.

N kò sọ pé kí a má rà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí gángan fẹ́ wọ inú jùjú, ìlù náà ìbá bo gìtá àti ohùn olórin mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pọ̀. I. K. Dáíró mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, inú orin ló bọ́ sí. Ọba Sunny Adé mú gìtá onírin tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, irú èyí tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń ta, wọlé, Démọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta á títí ó fi ń ké bí ẹyẹ. Gbogbo ayé gbọ́ ọ nígbà tí àwo Juju Music jáde lọ́dún 1982. Nínú ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, ààyè ti ṣófo nínú orin kí ohun èlò tó dé, ẹni tí yóò lò ó sì ti wà nílẹ̀. Tiwa ni pé a máa ń ra ohun èlò tán kí a tó máa wá orin tí yóò wọ̀ ọ́. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Ẹ ṣọ́ ara yín lọ́jọ́ tí ọkàn bá ń fà sí rírà. Láti ohun tí mo ti rí, kì í sábà dé nígbà tí orin bá ń ṣàn. Ó máa ń dé nígbà tí ìka bá há síbì kan, tí ohun tí etí ń gbọ́ nínú orin ẹlòmíràn bá kọ̀ tí kò jáde lábẹ́ ọwọ́ wa. Olórin á gbé gìtá sílẹ̀, á mú fóònù. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń ta gìtá tó ń dán gbinrin, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Wákàtí méjì á kọjá. Ara á wá fúyẹ́ bíi ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́, nítorí etí ti gbọ́ gìtá, ọkàn ti ro gìtá, ẹnu ti sọ ọ̀rọ̀ gìtá. Ìka nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, n kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nítorí kíkí. Ohun tó ń dùn mí ni wákàtí méjì náà, nítorí inú rẹ̀ ni ìka tó há ìbá ti rí ọ̀nà gbà.

Ìdí nìyí tí n kì í fi í pe ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe ní olójúkòkòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn orin dénú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ọwọ́ wọn tètè mọ́, ilé ìtajà sì ń ṣèlérí pé kíákíá ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ìbáwí kì í wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ sàn. Iṣẹ́ tí yóò gba ààyè ìfẹ́ náà ló lè wò ó.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí, ó ti kọjá ₦1,500. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ gìtá àti pẹ́dà wa ti ń wá, nítorí náà tòkunbọ̀ pàápàá ti di ohun tí à ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi owó àjọ tàbí owó èlé ra ohun èlò kejì láéláé. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ń gbé páálí wọlé lóru kí ìyá ilé má baà rí i, ẹ̀rí ọkàn yín ti dá ẹjọ́ náà tán.

Ọ̀wọ̀ ní ìwòsàn kan tí a kì í ronú kàn. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni ọdún Igogo, tí a ń ṣe ní ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ọjọ́ 17 ni. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyí ìlù kì í dún nílùú, a kì í sì í dé fìlà. Agogo ni a fi ń jó. Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè á dirun, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, wọ́n á jó yí ìlú ká. Ìlú tí onílù pọ̀ sí ló ń fúnra rẹ̀ gbé ìlù kọ́, ijó kò sì bàjẹ́ rí.

Ẹ ya irú ọjọ́ 17 bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ara yín. Gìtá kan ṣoṣo, láìsí pẹ́dà, láìsí wíwo ohun tí wọ́n ń tà lórí fóònù. Bí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kò bá pọn dandan, ẹ gbé òun náà kọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ohùn gìtá á gbẹ létí yín, ẹ ó sì gbọ́ àwọn ohun tí pẹ́dà ti ń bá yín bò mọ́lẹ̀: okùn tó ń kùn wìnnìwìnnì nítorí pé ìka kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìró tó pẹ́ dé lẹ́yìn ìlù, kọ́ọ̀dù tí okùn kan kú sínú rẹ̀. Ó máa ń dunni láti gbọ́ ọ. Ẹ má sá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ẹni tó bá sì rí ohun tí yóò ṣe láàárọ̀ ọ̀la kì í fi òru wá ohun tí yóò rà.

Ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ gìtá tí a ń pè ní gìtá burúkú ṣaláìní. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin àkókò òjò máa ń mú kí okùn dípẹtà, okùn tó bá ti dípẹtà kò lè dún kedere, iye tí okùn tuntun sì ń jẹ́ kò ju ìdá díẹ̀ lọ nínú owó gìtá. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta á tán. Bí okùn bá ga jù lórí ọrùn gìtá, ìka á máa ro yín, ẹ ó sì rò pé ẹ nílò èyí tó rọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ta okùn kan lófìfo, kí ẹ tún wá tẹ̀ ẹ́ níbi irin kejìlá kí ẹ ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kó jẹ́, tí ìkejì kàn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní odidi ìpele kan. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, àfárá tó gbé okùn ró ló fẹ́ àtúnṣe, kò sì sí pẹ́dà tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ tó ń kùn lórí ilẹ̀, ẹ gbé e ka àga, kí ẹ fà á kúrò lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ohùn tí a fẹ́ fi owó rà wà nínú ìṣísẹ̀ méjì yẹn.

Ẹ wá onígángan kan kí ẹ máa bá a ṣeré. Èyí ni mo kà sí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ń dá gìtá ta nínú yàrá máa ń ronú nípa ohùn gìtá. Ẹni tó ń bá onílù ta á máa ń ronú nípa orin, nítorí onílù kò béèrè irú gìtá tí ẹ gbé wá. Àkókò ló ń bá yín ṣírò. Ẹ fi etí kọ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lóṣù kan, kí ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Tí fóònù bá ti di ohun tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín, ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà fún yín.

Bí ọkàn bá ṣì ń sọ pé ẹ nílò nǹkan kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ orin tí ẹ fẹ́ fi ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí orin tí ẹ lè kọ síbẹ̀, ẹ pa ìwé náà dé. Bí ó bá wà, ẹ fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ yá irú rẹ̀ lọ́wọ́ olórin ẹgbẹ́ yín fún òde kan ṣoṣo. Ẹ ó mọ̀.

Ní ti èyí tó ti wà nílé tí ọwọ́ kò kàn láti ọdún, ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra okùn, kí ìyókù lọ sí owó ilé ẹ̀kọ́. Ó tún lè jẹ́ pé ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onígìtá lọ́jọ́ ìdánrawò, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìka onítọ̀hún. Ẹ gbé ọ̀kan lọ fún un. Ẹ pààrọ̀ okùn rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ jókòó tì í kọ́ ọ ní kọ́ọ̀dù mẹ́ta, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó padà wá gbọ́ ọ.