Kó O Tó Dà Á Kọ, Béèrè Ìdí

Àbúrò mi, gbọ́ tèmi kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn. Tí ọ̀gá bá ní kó o kọ requirements, ìyẹn àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe, fún sọ́fítíwià kẹ́míìsì, tí ilé iṣẹ́ yín sì ti ṣe irú ẹ̀ fún súpámákẹ́ẹ̀tì rí, ó máa wù ẹ́ kó o ṣí fáìlì àtijọ́, kó o dà á kọ, kó o yí orúkọ oníbàárà padà. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú ká lo ohun tó ti wà nílẹ̀ o. Ó ń dín owó àti wàhálà kù. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mú bébà, kó o ya igi ẹlẹ́ka, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tí sọ́fítíwià náà lè ṣe, kó o sì kọ ẹni tó nílò ẹ̀ sí i. Kyo Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Software Engineering Institute, ní Pittsburgh, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1990, wọ́n pè é ní FODA. Rísíìtì: dandan ni fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìkìlọ̀ pé ọjà ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́: kẹ́míìsì ò lè ṣe kó má ní in, ẹni tó ń ta aṣọ ò nílò ẹ̀. Àwìn: ẹni tó bá wù. Tí àwìn bá sì wọlé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó rajà gbọ́dọ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Kọ ìyẹn sílẹ̀ kedere, torí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kó o kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra ní Kourou, ní French Guiana. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ sójú ọ̀run. Ara Ariane 4 tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n ti mú sọ́fítíwià tó ń sọ ibi tó kọjú sí. Ìṣirò kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra. Àwọn Ariane àtijọ́ ló nílò ẹ̀, kí wọ́n lè tètè tún bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá dá ìgbéra dúró nígbà tó ku díẹ̀. Ariane 5 ò nílò ẹ̀ rárá. Ìrìn tiẹ̀ sì yàtọ̀: nọ́ńbà kan ga ju 32,767 tí àyè ẹ̀ lè gbà, ni ẹ̀rọ méjèèjì tó ń lo sọ́fítíwià náà bá dákẹ́. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí Jacques-Louis Lions darí, rí i pé wọn ò tiẹ̀ kọ bí Ariane 5 ṣe máa rìn sínú ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣe.

Torí náà, gbólóhùn tí o ò bá mọ ìdí ẹ̀, yà á sọ́tọ̀. Má gbé e wọnú fáìlì tuntun títí wàá fi rí ẹni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ. Tí ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà ní ọ́fíìsì yín, lọ bá a lónìí, kó tó ríṣẹ́ síbòmíì.