Fóònù tí ó ń Kú, tí ó sì ń Jí

Àìsàn kan wà tí ń ṣe fóònù, tí ó sì ń da ọkàn ẹni láàmú ju ikú fóònù gan-an lọ. A óò tẹ bọ́tìnnì, àmì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é yóò hàn, ara rẹ̀ yóò gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ ṣí. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi ṣókùnkùn, àmì kan náà yóò sì tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí bátìrì yóò fi tán.

Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, àti ní Agbowó tí ó dojú kọ Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tí ń tún fóònù ṣe mọ àìsàn yìí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí ó máa ń yá àwọn kan lára jù, èyí nì ni pé kí a pa gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù náà rẹ́, kí ó dà bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a rà á. Kò gba àkókò. Fóònù yóò ṣí, olóhun yóò dúpẹ́, yóò sì ti dé Bódìjà kí ó tó rántí pé máàkì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì òun àti àwòrán ìsìnkú ìyá òun wà nínú rẹ̀. Ìparẹ́ yìí ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn gbogbo ìtọ́jú, kì í ṣe kí ó ṣáájú wọn.

Ǹjẹ́ kí ni ó ń fa àìsàn náà? Fóònù kì í jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣẹ kékeré kan wà tí a kọ sínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, tí a kò lè pa rẹ́. Òun ni ó kọ́kọ́ ń jí. Òun ni yóò jí èkejì, tí yóò yẹ inú fóònù wò. Èkejì yóò jí ètò ńlá tí ń ṣe àkóso ohun gbogbo, yálà Android tàbí ti iPhone. Ètò ńlá yìí ni yóò sì jí àwọn áàpù níkẹyìn. Bí ọ̀kan bá pe èkejì tí kò dáhùn, fóònù kò ní dúró títí láé. Yóò pa ara rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ibi kan náà ni yóò tún ti ṣubú.

Nítorí náà ibi tí ó ti ń ṣubú ni kí a kọ́kọ́ kíyè sí. Bí ó bá jẹ́ pé àmì nìkan ni ó ń yọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ fura sí bátìrì tí ó ti gbó, tàbí bọ́tìnnì tí ó há, tàbí ohun kan tí ó já nínú rẹ̀. Bí ó bá kọjá àmì, tí ó sì pẹ́ kí ó tó kú, ó lè jẹ́ pé ètò inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́, tàbí pé àyè ìpamọ́ rẹ̀ kún dé ẹnu, tàbí pé bátìrì tán lójijì nígbà tí ó ń gba ètò tuntun. Bí ó bá sì ṣí tán kí ó tó kú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé áàpù kan ni ó ń pa á.

Ohun tí ń fà á lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ya ni lẹ́nu. Ní ọdún 2020, àwòrán adágún omi kan ní Amẹ́ríkà mú kí àwọn fóònù Samsung àti Pixel tí ń lo Android 10 máa kú, kí wọ́n sì máa jí, kìkì nítorí pé olóhun fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú fóònù. Kò sí ibi kankan nínú àwòrán náà. Irú àwọ̀ tí a fi pa á mọ́ ni fóònù kò mọ bí a ti í kà: iye tí ó ṣírò kọjá 255, tí í ṣe òpin tí a fi lélẹ̀ fún un, ètò náà sì ṣubú. Ní oṣù October ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àtúnṣe kan fún áàpù SmartThings, tí Samsung fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́, kó bá àwọn Galaxy S10 àti Note 10 kan lọ́nà kan náà. Olóhun kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ti LG G4, tí ó jáde ní 2015, yàtọ̀. Ní oṣù January ọdún 2016 LG gbà pé àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tí kò fara kan ara wọn dáadáa ni ó fa tirẹ̀. Ẹni tí ó bá pa ohun inú irú fóònù bẹ́ẹ̀ rẹ́ ti pàdánù ẹrù rẹ̀ lásán, nítorí àìsàn náà yóò ṣì wà níbẹ̀.

Báwo ni a óò ti wá tọ́jú rẹ̀? Ẹ bọ́ àpò rẹ̀ kúrò, nítorí àpò líle a máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Ẹ yọ SIM àti mẹ́mọ́rì káàdì. (Bí fóònù yóò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ atúnṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kí SIM tí ẹ fi ń bá báńkì ṣe pọ̀ bá a lọ.) Ẹ fi ṣájà tí ó dára sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ Android, ẹ di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án àti èyí tí ń dín ohùn kù mú pọ̀ fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ iPhone 8 tàbí èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ èyí tí ń mú ohùn lọ sókè kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tẹ èyí tí ń dín in kù kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì di ti ẹ̀gbẹ́ mú títí àmì yóò fi yọ.

Lórí ọ̀pọ̀ Android, bí a bá di bọ́tìnnì tí ń dín ohùn kù mú nígbà tí àmì bá yọ, fóònù yóò jí láìjí àwọn áàpù tí a fúnra wa fi sí i. Bí ó bá ṣí báyìí, ẹ kọ́kọ́ kó àwòrán àti ìwé yín sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó yọ áàpù tí ó dé kẹ́yìn.

Bí ó bá kọ̀, ojú dúdú kan tí ó kún fún Gẹ̀ẹ́sì lè yọ. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra gidigidi. "Try again" kì í pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ yàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. "Wipe cache partition" ń pa kìkì ohun ìgbà díẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n "Wipe data", tí ó sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀, kò dá nǹkan kan sí. Lórí kọ̀ǹpútà tí a so iPhone mọ́, "Update" ni kí ẹ yàn, kì í ṣe "Restore". Bí ó bá sì jẹ́ Samsung ni atúnṣe fẹ́ fi ètò tuntun sí, ẹ bi í bóyá HOME_CSC ni yóò lò, nítorí CSC lásán ń pa ohun gbogbo rẹ́. Atúnṣe tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ìparẹ́ ni ó kù. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń ti ohun tí ó wà nínú fóònù òde òní, ìparẹ́ a sì máa run kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹni tí ó bá ní òun yóò kó àwòrán inú fóònù padà lẹ́yìn rẹ̀, owó yín ni ó fẹ́ kó. Owó inú báńkì kò sí nínú fóònù, kò sì sí ewu fún un. Ohun tí ẹ ti fi pa mọ́ sọ́dọ̀ Google náà yóò padà wá.

Ṣùgbọ́n láti Android 5.1, ní ọdún 2015, fóònù tí a pa rẹ́ báyìí a máa béèrè ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó gbà kí a wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọkùnrin tí ó ta fóònù náà fún wa ni ó bá wa ṣí ímeèlì ọ̀hún lórí ìdúró, tí ó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Nígbà tí ara fóònù yín ṣì le, ẹ ṣí "Settings", kí ẹ wá ibi tí a kọ "Google" sí, kí ẹ sì kọ ímeèlì náà sínú ìwé. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà ọmọkùnrin náà ni ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ yí i padà sí tiyín. Bí ẹ kò bá sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ tètè lọ bá a ní Dùgbẹ̀ kí ó tó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà.