Ọjọ́ Mélòó Ni Wọ́n Lè Ti Ènìyàn Mọ́lé?

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè: àtìmọ́lé. À-tì-mọ́-lé. Ìyẹn ni pé kí a ti ènìyàn mọ́ inú ilé nígbà tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí inú ìwé yín.

Bí ọlọ́pàá bá mú olè ní ọjà, inú wa a máa dùn. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ìlú má ní ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú kò tíì di olè, àfi bí adájọ́ bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán. Nítorí náà ni òfin fi ń ka ọjọ́ fún ọlọ́pàá. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí ó mú ẹni náà lọ sí iwájú adájọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ kan tí ìjọba ti ń fi kún ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà ìgbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun ni ó ń jọba lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ̀, ìjọba ní ààbò ìlú ni àwọn ń wá. Ní ọdún 1961, wọ́n ṣe òfin pé a lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọjọ́ 12 láìgba onídùúró fún un. Ní ọdún 1963, ó di ọjọ́ 90. Ọ̀gá ọlọ́pàá lè mú ẹni tí ó fura sí, tàbí ẹni tí ó rò pé ó mọ nǹkan, láìgba ìwé lọ́wọ́ adájọ́. Yóò máa bi í ní ìbéèrè títí ìdáhùn yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Agbẹjọ́rò kò lè wọlé tọ ẹni náà. Adájọ́ pàápàá kò ní àṣẹ láti ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.

Ní ilé aṣòfin, obìnrin kan ṣoṣo, Helen Suzman, ni ó dìbò lòdì sí òfin náà.

Ọjọ́ 90 náà kò sì jẹ́ 90. Wọ́n mú Ruth First, obìnrin akọ̀ròyìn, ní ọdún 1963. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n ní kí ó máa lọ. Kò tíì dé ilé tí wọ́n tún fi mú un. Ọjọ́ 117 ni ó lò. Ní ọdún kan náà, Looksmart Ngudle kú sí àtìmọ́lé.

Ní ọdún 1965, ó di ọjọ́ 180. Ní ọdún 1967, wọn kò ka ọjọ́ mọ́ rárá. Wọ́n pe èyí ní òfin apániláyà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ṣe ohun tí yóò dójú ti iṣẹ́ ìjọba lè bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ta ni kò lè bọ́ sí i?

Òfin yìí ni wọ́n fi ti Steve Biko mọ́lé. Wọ́n mú un ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1977. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ sì fara pa. Àwọn dókítà tí ọlọ́pàá pè rí i, wọn kò gbà á là. Wọ́n gbé e ní ìhòòhò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìrìn tí ó ju kìlómítà 1000 lọ, dé Pretoria. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Ẹni ọdún 30 ni.

Ìjọba yẹn ti wó. Òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1996 sọ pé wákàtí 48 ni. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọdún 1990 ti kọ ọ́ ṣáájú, ní ìlà 18: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí 48 lọ ní àtìmọ́lé, àfi bí adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá ní kí ó dúró. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i lọ́wọ́ kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè
Ọjọ́ mélòó ni Biko lò láti ìgbà tí wọ́n mú un títí ó fi kú?
Bí wọ́n bá mú àbúrò yín ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà wo ni wákàtí 48 yóò pé? Ta ni ẹ óò lọ bá?