Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Títo Ẹsẹ̀ Iwájú Mọ́tò Ìjàpá Nílé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ oṣù yìí kan àwọn tí Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mọ́tò àtijọ́ ni báyìí o. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ní 2003 ni wọ́n sì ṣe Ìjàpá ìgbẹ̀yìn ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ìtọ́jú ló ń gbé e rìn. Ohun tó máa ń gba owó lọ́wọ́ oní-Ìjàpá láìfura ni táyà iwájú. Èèyàn á ra tuntun méjì, kí oṣù mélòó kan tó pé, etí kan á ti fá kanlẹ̀, etí kejì á sì dà bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ni yóò bá lọ fa wàhálà lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un pé ayédèrú ni. Táyà ò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ mọ́tò ni kò gún, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní aláímẹ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ ká fún táyà ní imú àti ìpàkọ́. Imú ni ibi tó kọjú síwájú, ìpàkọ́ ni ibi tó kọjú sẹ́yìn. Bí Ìjàpá bá dúró jẹ́ẹ́, ó yẹ kí imú táyà iwájú méjèèjì fi díẹ̀ sún mọ́ra ju ìpàkọ́ wọn lọ, bíi mílímítà 3. Ìwé mọ́tò yín ni kó ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, torí ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ẹ̀yìn ni agbára tó ń ti Ìjàpá ti ń wá. Bó bá ti ń sáré, ilẹ̀ á máa ti táyà iwájú sẹ́yìn, imú wọn á sì fẹ́ là síta. Mílímítà 3 yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gún lójú ọ̀nà. Bó bá wá di 12 ńkọ́? Ojú lásán kò ní rí i. Síbẹ̀, nínú kìlómítà kan, táyà kọ̀ọ̀kan á ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ nílẹ̀ tó bíi mítà 9. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 130: ó lé ní kìlómítà kan tí ọ̀dà títì fi ń há táyà yín bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ẹ fi pa ojú táyà láti ìta wá sínú, kí ẹ tún pa á láti inú lọ síta. Bó bá dán ní ìwọlé, tó sì ń gún yín lọ́wọ́ ní ìjáde, imú ti wọlé jù. Bó bá jẹ́ ìdàkejì, imú ti là síta.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ yẹ oríkèé wò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹ fi ìtì igi tó nípọn gbé e ró, torí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀tún àti òsì. Bó bá ń dún kó-kó tàbí tó ń yẹ̀, bẹ́rìn tàbí oríkèé kan ti jẹ nìyẹn. Ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ tí a bá tò sórí oríkèé tó ti jẹ, bó ṣe wà lónìí kọ́ ni yóò wà lọ́la. Oríkèé tó bá sì yọ lórí eré, kì í ṣe táyà nìkan ló ń bá lọ. Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà pẹ̀lú. Nínú Ìjàpá, ti iwájú kì í tó ti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fọkanáísà ló ń fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye kan náà.

Pẹ̀lú táyà lókè, ẹ fi ẹfun pa àárín ojú rẹ̀ yíká. Kí ẹnì kan máa yí i, kí ẹnì kejì gbé ìṣó lé búlọ́ọ̀kù gbọin-gbọin, kó fi fa ìlà tín-ín-rín yíká. Ìlà yìí ni a ó wọ̀n. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, láìsí ẹrù nínú rẹ̀, kí síteríǹ wà ní gbọọrọ, kí ẹ sì tì í síwájú fún mítà mélòó kan kí ẹsẹ̀ lè jókòó. Ẹ má fà á padà sẹ́yìn. Àwọn kan ní kí a na téèpù láti táyà dé táyà, ṣùgbọ́n ikùn Ìjàpá máa ń dí ọ̀nà lẹ́yìn. Okùn tí bíríkìlà fi ń wo ògiri ló dára jù. Ẹ fi í kọ́ sójú ìlà, ní imú àti ní ìpàkọ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ní gíga àárín wíìlì, kí ẹ sàmì síbi tí òjé rẹ̀ bá tọ́ka sí nílẹ̀. Àmì mẹ́rin ni yóò jẹ́. Ẹ ti mọ́tò kúrò, kí ẹ wá fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n láti imú sí imú, àti láti ìpàkọ́ sí ìpàkọ́. Ẹ yọ ti imú kúrò nínú ti ìpàkọ́.

Bí iye náà kò bá tọ̀nà, ẹ wọ abẹ́ lọ bá tairọ́ọ̀dù méjèèjì. Ẹ ti fi epo sí nọ́ọ̀tì wọn láti alẹ́ àná, torí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ tú ìdè, kí ẹ yí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Bó bá gùn sí i, ìpàkọ́ táyà á ṣí síta, imú á wọlé. Bó bá kúrú, imú á là. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i, iye kan náà lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó di ìdè padà.

Bí síteríǹ bá wọ́ nígbà tí mọ́tò ń lọ gbọọrọ, àwọn kan á yọ ọ́, wọ́n á yí i, wọ́n á tún un fi sí i. A kò fara mọ́ ọn. Àpótí síteríǹ ní àárín tirẹ̀, ó sì yẹ kí táyà gún nígbà tó bá wà láàárín yẹn. Tairọ́ọ̀dù kan ni kí ẹ mú gùn, kí ẹ fi iye kan náà mú èkejì kúrú.

Bí táyà bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ìyẹn ti kọjá iṣẹ́ àgbàlá. Ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Ti tairọ́ọ̀dù nìkan ni tiwa, lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, kí ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà wò.