Àròkọ Alálàyé: Ààyè àti Èpò Nínú Oko Òwú

ÌBÉÈRÈ: Ṣe àlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ kan tí ó fẹ́ gbin òwú ní Ọ̀tùn-Èkìtì, bí ààyè àti èpò ṣe lè mú kí oko rẹ̀ yọrí tàbí kí ó bàjẹ́.

ÌLAPA ÈRÒ: (i) Ìfáàrà (ii) Ààyè láàrin òwú (iii) Ìjà òwú àti èpò (iv) Ìgbà tí ó yẹ kí a ro oko (v) Ìkádìí.

ÀRÒKỌ

Bí o bá rí kíjìpá tí àwọn ìyá wa ní Èkìtì máa ń hun láyé àtijọ́, rántí pé inú oko ni aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tùn wà níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Oòrùn a máa dé ilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, òwú sì fẹ́ràn oòrùn. Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ni ó ń ràn fún èpò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí hóró òwú bá ṣe pọ̀ tó lórí ebè ni òwú yóò ṣe pọ̀ tó nínú àpò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òwú tí ó há mọ́ra a máa ga fíofío láìyọ ẹ̀ka púpọ̀. Abẹ́ rẹ̀ a ṣókùnkùn, èso ìsàlẹ̀ a sì máa rà kí ó tó là. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n jìnnà síra jù, nítorí ilẹ̀ tí òwú kò bá gbà, èpò ni yóò gbà á. Fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ láàrin ebè kan sí èkejì, kí o sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1½ sílẹ̀ láàrin ihò kan sí èkejì. Nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 3, fi igi 2 tí ó lágbára jù sílẹ̀ ní ihò kọ̀ọ̀kan, kí o fa ìyókù tu. Yóò dùn ọ́ láti fa ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbìn tu, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tí ó kù ni.

Èpò ńkọ́? Òwú kì í tètè dàgbà; ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́, ọmọ ọwọ́ ni. Gbẹ̀gi àti èkan kò ní dúró dè é. Wọn a bá a mu omi, wọn a bá a jẹ ọ̀rá ilẹ̀, wọn a sì bo oòrùn mọ́ ọn lójú. Ìyà tí ó bá jẹ òwú ní kékeré, ríro ìkẹyìn kò lè tún un ṣe. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Nítorí náà, ro oko ní ọ̀sẹ̀ 3, kí o tún un ro ní ọ̀sẹ̀ 6. Ní ti èkan, gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ jáde. Bí o bá gé orí rẹ̀ nìkan, yóò tún hù. Kí èso tó là, ro ó lẹ́ẹ̀kẹta, kí pàǹtí koríko má baà lẹ̀ mọ́ òwú, kí oníbàárà má sì dín owó rẹ kù.

Ní ìkádìí, ọmọ ìyá ni ààyè àti ríro. Bí o bá fi ààyè sílẹ̀ níwọ̀n, tí o sì ro oko lásìkò, ewé òwú yóò pàdé lórí poro, òjìji rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí èpò gbérí. Láti ìgbà náà lọ, òwú fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá ọ ro oko.

ÀKÍYÈSÍ: Wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe sọ ohun kan ṣoṣo, tí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Òwe kan péré ni a lò, ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kọ irú àròkọ yìí lórí àgbàdo.