Kíkọ́ Ọmọ Tí Ogun Lé Kúrò Nílé ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a ti gbọ́ ọ pé kí olùkọ́ mú ọmọ láti inú ohun tí ó mọ̀ lọ sí inú èyí tí kò mọ̀. Bí ó bá wá ṣe ọmọ tí ogun lé wá ńkọ́? Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí àwa ará Rẹ́mọ. Ní Òru, lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè, ni ibùdó àwọn ará Làìbéríà àti Sàró tí ogun lé kúrò nílé wà láti ọdún 1990 títí di ọdún 2012 tí a tì í.

Olùkọ́ tí ó bá rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ti ṣìnà. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Làìbéríà láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira ní 1847. Bí wọ́n ti ń pè é ni ó yàtọ̀. Ọmọ Làìbéríà a máa gé kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀ sọnù. Àwa a máa fi fáwẹ̀lì kún un, a ní búrẹ́dì, a ní báàgì. Ta ni yóò wá fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́? Kí gbogbo kíláàsì jọ pe ọ̀rọ̀ náà, kí a má ṣe dá àlejò nìkan dìde.

Ní ti ọmọ Freetown, ọ̀nà tilẹ̀ là fún wa. Èdè Krio ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá púpọ̀ nínú, nítorí àwọn ènìyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àkàrà, aṣọ ẹbí, àwùjọ: ọmọ náà mọ̀ wọ́n. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tí a gbà bẹ́ẹ̀. A kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822, ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó sì di olùkọ́. Síbẹ̀ ní 1843 ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá jáde.

Àròkọ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. “Ilé wa”, “Bí mo ti lo ìsinmi mi”: àkọlé tí ó rọrùn fún ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ lè dá omi sójú ẹni tí a sun ilé rẹ̀. Kí a kọ àkọlé mẹ́ta sára pátákó, kí ọmọ yan èyí tí ó wù ú: oúnjẹ kan àti bí a ti ń sè é, eré kan, ọ̀nà ilé-ìwé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì yàn láti kọ nípa ogun, kí a fi sùúrù kà á, kí a má kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn yòókù láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe gírámà inú rẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì.