Fẹ́mi, Má Tíì Dá Sẹ́fà Lẹ́bi

Fẹ́mi ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́.

O ní àwọn àwòrán Visio tí ẹ fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀nà wáyà iná, èyí tí ẹ kó sórí SharePoint, kì í tètè ṣí mọ́, àti pé àwọn ará ọ́fíìsì yín ti ń rọ ọ̀gá pé kó ra sẹ́fà tuntun. Má tíì fọwọ́ sí i. Bí fáìlì bá wúwo, kò ní torí pé a pààrọ̀ sẹ́fà kó fúyẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe kò náni ní kọ́bọ̀. Mú ọ̀kan nínú àwọn fáìlì tó ń yọ yín lẹ́nu, gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí o ṣí i níbẹ̀. Bó bá ṣì ń falẹ̀, inú fáìlì ni àìsàn wà. Bó bá ṣí wéré, kí o lọ wo ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí sẹ́fà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í fẹ́ ṣe ìdánwò kékeré yìí. Ariwo "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni" lẹ máa ń pa. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Fáìlì gan-an ni mo fura sí. Láti Visio ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fi àwòrán pa mọ́ sínú vsdx, èyí tí kò ju àpò zip tí a di àwọn fáìlì kéékèèké sí lọ. Nínú ẹ̀dà tí o ṣe, yí ìparí orúkọ rẹ̀ padà sí zip, kí o tú u wò. Wo fódà media dáadáa. Ẹ̀rù á bà ọ́ bí o bá rí fọ́tò ńláńlá tí ẹnì kan fi fóònù yà, tó sì sọ sínú àwòrán láìdín in kù. Wo fódà masters náà: àwọn àmì tí ẹ ti fà sínú àwòrán rí máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ti pa rẹ́ lójú ìwé. Visio fúnra rẹ̀ ní ibi tí a ti ń kó irú wọn dànù, lábẹ́ File, nínú Info. Orí ẹ̀dà ni kí o ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ o. Bí àwòrán bá sì so mọ́ Excel tó wà níbòmíràn, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dátà yẹn ló ń dúró dè.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni, ṣí fáìlì Word tó wúwo bákan náà láti orí sẹ́fà kan náà. Bóun náà bá ń falẹ̀, Visio bọ́ nínú ẹ̀bi. Ṣé o rántí oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun já létíkun Ivory Coast? Kò sí sẹ́fà tó ṣẹ̀, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín ní Èkó. Bó bá sì jẹ́ pé àkójọ fáìlì ni kì í tètè yọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: bí ohun tí ẹ ń pè jáde lẹ́ẹ̀kan bá ti ju 5,000 lọ, SharePoint á kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì ká mi lára jù. Bí o bá rí i pé àgbà kan ní ọ́fíìsì ló kó fọ́tò wọ̀nyẹn sí i, má dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Lọ bá a ní kọ̀rọ̀, kí o fi bí a ṣe ń dín fọ́tò kù hàn án tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí o bá dójú tì í, ọ̀la ló máa kó òmíràn sí i.

Kọ bí fáìlì ṣe pẹ́ tó kó tó ṣí sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí o tún kọ ọ́ lẹ́yìn tí o bá tún un ṣe, kí o wá gbé méjèèjì fún ọ̀gá rẹ kó tó náwó. Jọ̀wọ́, fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ